Fọ́tò àyálò ń ba ọjà jẹ́ ní Alímọ́ṣọ́

Láti Ìyànà-Ìpájà dé Ẹgbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìkòtún, títí wọ Ìgàndó, kò sí òpópónà téèyàn máa gbà tí kò ní í rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ti onídìrí, ti àwọn tó ń ṣe kéèkì àti ti àwọn tó ń kun ojú ìyàwó. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ́ṣọ́ lèrò pọ̀ sí jù nínú ìkànìyàn ọdún 2006 l'Ékòó. Èèyàn 1,277,714 ni àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwọn kà níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, àwọn ka 2,047,026. Èyí ó wù kéèyàn gbà nínú méjèèjì, ibi térò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdíje ọjà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Télọ̀ mẹ́ta lè wà lójúlé mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kálukú sì gbọ́dọ̀ wá bó ṣe máa jẹun.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn kò fi jókòó de oníbàárà mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ń pàtẹ ọjà sí. Kí wọ́n tó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tán láàárọ̀, wọ́n á ti gbé fọ́tò mẹ́rin márùn-ún sórí status WhatsApp, wọ́n á gbé òmíràn sórí Facebook, wọ́n á sì ju ìyókù sínú gúrúùpù ẹgbẹ́ àti ti àdúgbò. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ọlọ́jà tí kò bá polówó ọjà rẹ̀, ta ni yóò bá a polówó ẹ̀? Ohun tó burú ni pé púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n ń gbé kiri náà kì í ṣe ti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n rí i lójú ìwé ẹlòmíì, ó wù wọ́n, wọ́n gbé e. Bí orúkọ ẹni tó ni ín bá wà nísàlẹ̀ fọ́tò náà, wọ́n á gé e sọnù. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń kọ nọ́ńbà fóònù tiwọn sórí ibi tí orúkọ onítọ̀hún wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe é kò ka nǹkan náà sí olè. Lójú tiwọn, ohun tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gbogbo ayé ni, bí omi òjò. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí lójú òfin, bẹ́ẹ̀ sì kọ́ ló rí lójú ọjà. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ẹni mu. Fọ́tò iṣẹ́ ẹlòmíì, ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni. Ẹni tó bá fi í polówó ọjà ń gba ẹlòmíì lẹ́tọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa lára jù ni ara rẹ̀.

Ká mú un bíi pé télọ̀ kan l'Ẹgbẹ́dá rí fọ́tò gáùn aṣọ òkè kan tí àgbà òṣìṣẹ́ kan rán ní Lẹ́kì, tó wá gbé e sórí status rẹ̀, tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé kẹ́ni tó bá fẹ́ irú ẹ̀ kàn sóun. Obìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀ rí i, ó sáré wá, ó san àsansílẹ̀, ó sì kó aṣọ sílẹ̀. Kò béèrè bóyá télọ̀ náà ló rán èyí tóun rí, ojú ẹ̀ ti fi dá a lóhùn. Nígbà tí ọjọ́ pé, gáùn dé, ọrùn kò jókòó, ìdí kò dúró, òkúta wẹẹrẹ tí wọ́n tò sára tinú fọ́tò kò sí lára tọwọ́ ẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó kò ṣeé sún síwájú. Kí ni obìnrin náà máa ṣe? Yóò gba owó ẹ̀ padà pẹ̀lú ariwo, yóò gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síta pé ohun tóun fẹ́ rèé, ohun tí wọ́n fún òun rèé. Káwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín tán, ọjà tí télọ̀ yẹn fi ọdún mẹ́ta kó jọ ti tú.

Ó sì lè jẹ́ pé télọ̀ yẹn mọṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé bó bá jẹ́ bùbá òun ìró tó máa ń rán dáadáa ló gbé fọ́tò ẹ̀ síta, obìnrin náà ì bá gbà á lọ́gàá. Fọ́tò tó yá lò ló dá a lẹ́jọ́, nítorí ó ṣèlérí ohun tí ọwọ́ ẹ̀ kò tíì kà. Òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà lórílẹ̀-èdè yìí pàápàá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí kì í ṣòótọ́ ta ọjà tàbí iṣẹ́ fún èèyàn. Fọ́tò sì lè parọ́ láìsọ̀rọ̀.

Ẹni kejì tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lẹni tó ṣiṣẹ́ tí wọ́n yà, ẹni kẹta sì ni ẹni tó yà á. Onífọ́tò kì í fi ọwọ́ lásán ya fọ́tò. Ó ra kámẹ́rà, ó ra iná, ó ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó wá dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níbi ìgbéyàwó, nígbà táwọn tó kù ń jẹ tí wọ́n ń mu. Lálẹ́, yóò tún jókòó ti kọ̀ǹpútà láti tún fọ́tò náà ṣe. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí bá wá gé orúkọ ẹ̀ kúrò lára ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó gba iṣẹ́ tó yẹ kí fọ́tò yẹn bá a pè wá.

Lórí èyí, òfin orílẹ̀-èdè yìí kò fi ọ̀rọ̀ bò. Láti ọdún 1970 ni Nàìjíríà ti ní òfin tiẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sí iṣẹ́ ọpọlọ ẹ̀, èyí táwọn lọ́yà ń pè ní kọ́píráìtì. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ni Òfin Kọ́píráìtì ti ọdún 2022, tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lù nínú oṣù kẹta ọdún 2023. Òfin náà ka fọ́tò mọ́ iṣẹ́ ọnà tó ń dáàbò bò. Ẹni tó ya fọ́tò ló kọ́kọ́ ni ín, kì í ṣe ẹni tí wọ́n yà, kì í sì í ṣe ẹni tó rán aṣọ ọrùn ẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni àdéhùn àwọn. Kò dìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan kó tó ní ẹ̀tọ́ yẹn. Kò dìgbà tó bá kọ orúkọ ẹ̀ sára fọ́tò náà pẹ̀lú. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fọ́tò jáde ni ẹ̀tọ́ náà fi máa wà. Òfin tún fún oníṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n máa dárúkọ ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń gé orúkọ sọnù kò jẹ̀bi ẹyọ kan, méjì ló jẹ̀bi.

Èyí tó yẹ kó tètè yé oníṣòwò jù nínú òfin ọdún 2022 ni ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí wọ́n bá gbé fọ́tò ẹ̀ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ojú ìwé tí wọ́n gbé e sí pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, bẹ́ni tó gbé e síbẹ̀ kò bá sì rí àwíjàre, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, wọ́n lè ti àkáǹtì ẹ̀. Facebook àti Instagram ti ń ṣe èyí tipẹ́ kí òfin náà tó dé. Kí oníṣòwò kan l'Ígàndó ronú sí i dáadáa: bí gbogbo oníbàárà ẹ̀, gbogbo nọ́ńbà àti gbogbo fọ́tò iṣẹ́ ẹ̀ bá wà lójú ìwé kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ti ojú ìwé náà lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọjà ń bẹ̀rẹ̀, kí ló yàtọ̀ sí kí wọ́n fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù? Ó sì lè jẹ́ nítorí fọ́tò méjì mẹ́ta tí kò tiẹ̀ mú owó kankan wá fún un.

Àwọn míì á ní kò sẹ́ni tó máa bá mẹ̀kúnnù ṣẹjọ́ lórí fọ́tò. Kí wọ́n gbọ́ ti Daniel Morel, onífọ́tò ọmọ ilẹ̀ Haiti. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ríri ba olú ìlú wọn jẹ́ nínú oṣù kìíní ọdún 2010, ó ya fọ́tò, ó sì gbé wọn sórí Twitter. Ẹnì kan jí wọn gbé, ó ní tòun ni. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìròyìn Faransé tí wọ́n ń pè ní AFP, àti ilé iṣẹ́ Getty Images, tí wọ́n pín wọn káàkiri ayé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn ni pé orí Twitter ló gbé e sí. Ilé ẹjọ́ ní New York kò gbà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún dọ́là fún un. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó gbé iṣẹ́ ẹ̀ síta káyé rí i kò tíì ní kí ayé kó o lọ. Ẹni tó sá aṣọ síta kò ní kẹ́ni tó ń kọjá ká a wọ̀.

Nílé níbí náà, àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo onídìrí gbọ́dọ̀ mọ̀. J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó tó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn kó tó wá fi Èkó ṣelé, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin lọ́dún 1968. Ó yà á níbi àsè, ó yà á lójú títì, ó yà á ní ọ́fíìsì, títí tí fọ́tò irun tó yà fi lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó máa ń kọ orúkọ irun náà sílẹ̀, irú bí Onílé Gogoro tó yà lọ́dún 1975. Irun tí wọ́n ń tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ló sọ di ohun ìrántí. Wọ́n ṣàfihàn wọn ní Paris lọ́dún 2000, wọ́n gbé wọn lọ sí Venice lọ́dún 2013, ó sì di olóògbé lọ́dún 2014. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀kan nínú fọ́tò yẹn sínú gúrúùpù àwọn onídìrí láti fi kọ́ ọmọṣẹ́ pé báyìí ni wọ́n ń fi òwú dirun láyé àtijọ́, tó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ojeikere ló yà á, ó ṣe dáadáa. Bó bá gbé e sára pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bíi pé òun ló dirun náà, iṣẹ́ ọkùnrin náà ló gbé, ó tún gba ògo lọ́wọ́ obìnrin tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ dì í.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, ó sì yẹ kó yé èèyàn yékéyéké. Òfin kò ní kí télọ̀ má rán irú aṣọ tó rí. Èrò lásán kò lólúwa. Kò sẹ́ni tó lè ní òun nìkan lòun ni bùbá, tàbí pé òun nìkan ló gbọ́dọ̀ di ṣùkú. Láti ayé kàlẹ́ńdà sítáì tí wọ́n ń so mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ni oníbàárà ti máa ń nawọ́ sí èyí tó wù ú, kò sì sẹ́ni tó sọ pé olè ni. Bí oníbàárà bá mú fọ́tò wá nínú fóònù ẹ̀ pé irú èyí lòun fẹ́, télọ̀ lè wò ó, kó wọn aṣọ, kó sì gbìyànjú. Ohun tí òfin àti ọmọlúàbí kọ̀ ni kó gba fọ́tò náà, kó gbé e síta, kó sì jẹ́ káráyé gbà pé ọwọ́ òun ló ti jáde. Sítáì lèèyàn lè kọ́ lára ẹni, fọ́tò kì í ṣe tẹni.

Bọ́rọ̀ àwọn tó ń fi fọ́tò òṣèré ilẹ̀ Amẹ́ríkà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù bábà náà ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún 2022, àjọ ARCON tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọn kò gbọ́dọ̀ lo àwọn àjòjì tó ń fi ara polówó nínú ìpolówó ọjà lórílẹ̀-èdè yìí mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá wí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ fún bábà n'Íkòtún pẹ̀lú. Orí ọmọ àdúgbò tó fá dáadáa, tí gbogbo èèyàn mọ̀, máa pe oníbàárà ju orí òṣèré tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ.

Àwíjàre àwọn kan ni pé àwọn ń bá ẹni tó ni fọ́tò polówó ni. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tí wọ́n fi gé orúkọ ẹ̀ kúrò? Ìpolówó tí kò ní orúkọ, ta ló ń polówó? Àwọn míì ní àwọn kò lówó tí àwọn máa fi pe onífọ́tò wá. Èyí jẹ́ òótọ́ fún ọ̀pọ̀, a kò sì lè fojú di í. Àmọ́ fóònù tí wọ́n fi ń gbé fọ́tò ẹlòmíì kiri yẹn náà ní kámẹ́rà. Kí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ tàbí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn kò tíì le, kí wọ́n ta aṣọ funfun sẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n nu ojú kámẹ́rà náà, kí wọ́n sì yà á láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Fọ́tò náà lè má dán bíi tàwọn ti Lẹ́kì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá nítorí ẹ̀ máa gba ohun tó rí gan-an. Oníbàárà bẹ́ẹ̀ ló ń padà wá, òun náà ló sì ń mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ wá.

Láyé ìsinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ti ń ya fọ́tò aṣọ tí abẹ́rẹ́ kan kò rán rí, àti kéèkì tí kò sẹ́ni tó yan án, fọ́tò tó jẹ́ òótọ́ ti di ọjà olówó iyebíye. Oníṣòwò tó bá lè sọ pé gbogbo ohun tó wà lójú ìwé òun, ọwọ́ òun ló ti jáde, kí oníbàárà wá wò ó lójú kòrókòró, ti ní ohun táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kò ní.

Ọ̀nà míì tún wà. Onífọ́tò àdúgbò ń wá iṣẹ́, onídìrí àdúgbò ń wá fọ́tò. Kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀. Onídìrí lè dirun fún ìyàwó onífọ́tò lọ́ọ̀fẹ́ lóṣooṣù, kí onífọ́tò náà máa ya irun mẹ́wàá fún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, ìbáà ṣe lórí WhatsApp: ta ló lè lo fọ́tò náà, ibo ló lè lò ó dé, orúkọ ta ló máa wà lára ẹ̀. Àìsọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá níkẹyìn.

Àwọn onífọ́tò náà kì í ṣe aláìlẹ́bi. Bí wọ́n ṣe ń ké pé wọ́n ń gbé iṣẹ́ àwọn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé fọ́tò ìyàwó àti ọmọ ọlọ́mọ sára bánà lẹ́nu ọ̀nà láìbéèrè. Òfin ọdún 2022 fún ẹni tó sanwó fọ́tò fún ìlò ara ẹ̀ tàbí ti ìdílé ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí wọ́n má gbé e síta. Òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ tòun, kó bọ̀wọ̀ fún tẹni tó sanwó fún òun.

Ní ti gúrúùpù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́tò jíròrò iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ti í pa. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀gá wọn kò kọ́ wọn. Òfin gbà kéèyàn lo iṣẹ́ ẹlòmíì láti yẹ̀ ẹ́ wò, láti ṣàríwísí ẹ̀, tàbí láti fi kẹ́kọ̀ọ́ níkọ̀kọ̀, bó bá ti jẹ́ lọ́nà tó tọ́, tí wọ́n sì dárúkọ ẹni tó ni ín níbi tó bá ti yẹ. Ohun mẹ́rin ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọ̀nà náà tọ́: ìdí tí wọ́n fi lò ó, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tí wọ́n mú nínú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti ohun tí lílò náà máa ṣe fún ọjà ẹni tó ni ín. Kí wọ́n gbé fọ́tò kan wá kí wọ́n lè jọ sọ bí wọ́n ṣe gé ọrùn aṣọ náà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí wọ́n gbé e síbẹ̀ láti fi gba iṣẹ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ìlànà ibẹ̀ kò sì ṣòro. Kí ẹni tó gbé fọ́tò wá sọ ibi tó ti rí i. Kó má gé orúkọ tó wà lára ẹ̀. Bí kò bá mọ ẹni tó ni ín, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó má sì fi polówó. Kí wọ́n má fi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá sì fẹ́ gbé e sí ìta, kó béèrè. Iṣẹ́ ìjẹ́ kúkúrú kan ti tó: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Télọ̀ ni mí n'Íkòtún. Mo rí fọ́tò aṣọ òkè tí ẹ gbé síta lánàá, ó wù mí gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè fi han àwọn oníbàárà mi, kí n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán an?” Ọ̀pọ̀ ló máa gbà. Ẹni tí kò bá gbà, kí wọ́n fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún un. Béèyàn kò bá sì rí ìdáhùn, àìdáhùn kì í ṣe àṣẹ.

Ẹni tí wọ́n gbé fọ́tò tiẹ̀ náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èébú. Kó kọ́kọ́ ya àwòrán ojú ìwé tí fọ́tò ẹ̀ wà sílẹ̀ fún ẹ̀rí, kó tún tọ́jú èyí tó kọ́kọ́ jáde látinú kámẹ́rà, kó wá kọ̀wé jẹ́jẹ́: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá mi. Fọ́tò kéèkì tó wà lójú ìwé yín yẹn, èmi ni mo ṣe kéèkì náà, èmi náà ni mo yà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ mi sí i, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò.” Èyí tó pọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí lè parí síbẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ṣagídí, kó fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ tó ni ojú ìwé náà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àjọ Nigerian Copyright Commission wà, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ sì wà lẹ́yìn ẹ̀.

Àmọ́ kó tó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, ẹgbẹ́ wà. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Alímọ́ṣọ́ tí kò ní ẹgbẹ́. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì ń gba ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé tàbí tó gba ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, tàwọn onídìrí, tàwọn oníkéèkì àti tàwọn onífọ́tò fi èyí kún òfin wọn: ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fi fọ́tò iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ polówó ara ẹ̀ láìgba àṣẹ, kó yọ ọ́ kúrò, kó tọrọ àforíjì níwájú ẹgbẹ́, kó sì sanwó ìtanràn. Kí wọ́n sì máa kọ́ ọmọṣẹ́ pẹ̀lú, kó tó gba ìwé ẹ̀rí, pé bó ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya iṣẹ́ ara ẹni àti bí wọ́n ṣe ń dárúkọ oníṣẹ́. Ọmọṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò àyálò kò ní í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Oníṣòwò tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí kò ní í náwó kankan. Kó ṣí fóònù ẹ̀, kó wo fọ́tò ogún tó gbé síta kẹ́yìn, kó sì bi ara ẹ̀ léèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ta ló ṣiṣẹ́ yìí, ta ló sì yà á. Èyí tí kì í ṣe tiẹ̀, kó wá ẹni tó ni ín kó béèrè, tàbí kó yọ ọ́. Bí ìyókù bá ṣẹ́ ku mẹ́ta péré, mẹ́ta yẹn ni ọjà ẹ̀. Orí wọn ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé lé, nítorí kò sẹ́ni tó lè wá láti Lẹ́kì tàbí Amẹ́ríkà wá sọ fún un pé kó yọ wọ́n kúrò.